Àna Lọ́ọ̀dù l'Ódìgbò

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, Abraham Akínwọlé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ agbégẹdú lẹ́bàá ọ̀nà Òdìgbò, lẹ́tà kan nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ọ̀rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ni ó rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ kò rẹ Abraham rí. Láti ọdún 1949 ni ó ti ń fi òòlù lu òǹtẹ̀ mọ́ ìdí gẹdú fún àwọn òyìnbó tí ń gé igi ní ìgbẹ́ Ọ̀rẹ̀. Ó lè fi ojú lásán wo ìrókò tí ó ṣì wà lóòró, kí ó sì sọ iye pákó tí yóò ti inú rẹ̀ jáde láì fi ẹyọ kan ṣì í. Igi kan wà nígbà náà tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fi ń dúró sinmi ní ìdajì rẹ̀ kí ó tó fò dé orí. Abraham ni ó sọ iye pákó inú rẹ̀. Báwo ni iṣẹ́ yóò ṣe rẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Lẹ́tà náà ni ó rẹ̀ ẹ́. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ Ọ̀rẹ̀, ó tún kà á nínú ọkọ̀, ohun kan náà ni ó ń sọ.

Lọ́yà kan ní Lọ́ndọ̀nù ni ó kọ ọ́. Kì í ṣe ọ̀fọ̀ ni ó wá tú. Pé Ẹ́dímọ́ńdì, òyìnbó tí ó fẹ́ Ọládùnní àbúrò Abraham, ti kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà ìyẹn ti dé láti oṣù keje, wọ́n ti sunkún, wọ́n sì ti ṣe ìsìn ìrántí. Ìbéèrè ni lọ́yà ń bèèrè. Ọjọ́ wo ni wọ́n so Ẹ́dímọ́ńdì àti Ọládùnní pọ̀ nínú ilé àdúrà? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí Gabriel ọmọ wọn? Bí ìgbéyàwó bá ṣáájú ọmọ, Gabriel, ọmọ ọdún márùn-ún tí ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá ọsàn kiri Òdìgbò, ni yóò jẹ oyè ìdílé baba rẹ̀, Lọ́ọ̀dù Wẹ́ndàbì kẹrìnlá. Bí ọmọ bá ṣáájú ìgbéyàwó, oyè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ arákùnrin baba Ẹ́dímọ́ńdì, kò sì ní padà mọ́. Lọ́yà kò rí ìwé ìgbéyàwó nínú ẹrù òkú. Nítorí náà, kí akọ̀wé ilé àdúrà da ohun tí ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ kọ, kí ó fi ọwọ́ sí i, kí ó fi ránṣẹ́.

Abraham ni akọ̀wé ilé àdúrà.

Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn ìdílé Wẹ́ndàbì tó Abraham ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn ilẹ̀ yìí, bóyá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Orí ìdí gẹdú ni ó ti gbọ́ ọ. Bí oòrùn bá ti kàn wọ́n lórí, òun àti Ẹ́dímọ́ńdì a jókòó sórí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, wọn a máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun pẹ̀lú epo pupa, òyìnbó náà a sì máa sọ ti ilé baba rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ nípa eyín tí ń dùn ún.

Lọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, olùtọ́jú ẹṣin ni. Ẹṣin kú mọ́ ọba lábẹ́ lójú ogun, ọkùnrin yìí sì fi ti ara rẹ̀ lé ọba lọ́wọ́, ó sá lẹ́sẹ̀ títí ogun fi tán. Ọba fi í joyè, ó sì fún un ní ilẹ̀ tí ènìyàn yóò rìn yí ká fún odidi ọjọ́ kan. Lọ́ọ̀dù kẹta gbè sẹ́yìn ọba tí kò borí, wọ́n bẹ́ ẹ lórí, oyè náà sì sùn fún ogún ọdún. Ẹ̀kẹfà bí ọmọbìnrin méje, kò bí ọkùnrin, nígbà tí ó sì kú, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti lọ wá ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tí ń bó ànàmọ́ fún àwọn atukọ̀, wọ́n nu ọwọ́ rẹ̀, wọ́n pè é ní Lọ́ọ̀dù. Baba Ẹ́dímọ́ńdì ni ẹ̀kọkànlá. Òun ni ó gé gbogbo igi ńláńlá tí àwọn baba rẹ̀ gbìn tà kí ilé má bàa wó. Ibẹ̀ ni Ẹ́dímọ́ńdì ti kọ́ igi gígé.

Bí Abraham bá délé, a sọ ọ́ fún àwọn àgbààgbà Òdìgbò, ìtàn náà kì í sì í tẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹṣin kan di mẹ́ta. Olùtọ́jú ẹṣin pọn ọba sẹ́yìn la odò kíkún kọjá. Nígbà tí ó yá, ọ̀nì wọ inú odò.

"Abraham," ni Bàbá Oyèlọlá wí, àgbẹ̀ kòkó tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá, "ṣé ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ náà ni ọ̀nì wà?"

"Ọ̀nì òtútù ni, Bàbá. Ó nírun."

"Hẹn-ẹ́n. Àwọn wo ni afọbajẹ wọn?"

"Wọn kò ní."

"Ìdílé mélòó ni ó ń jẹ ẹ́ ní àjẹyípo?"

"Ẹyọ kan, Bàbá. Àkọ́bí ọkùnrin ni. Bí ó ti wù kí ó rí, òun náà ni."

"Bí ó bá jẹ́ dìndìnrìn ń kọ́?"

"Yóò jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò gba ilé, òun ni yóò gba ilẹ̀, òun ni yóò lọ jókòó nílé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù ní Lọ́ndọ̀nù, bí àwọn ọba wa ṣe ń jókòó n'Ìbàdàn."

"Àbúrò wá ń kọ́?"

"Wọ́n á ní kí ó máa lọ."

Bàbá Oyèlọlá wo Ẹ́dímọ́ńdì tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abraham. "Áà. Wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ wá inú igbó Ọ̀rẹ̀. Ẹ fún un lẹ́mu."

Púpurú ni ó mú Ọládùnní dé inú ọ̀rọ̀ náà. Òun ni ó ń gbé e lọ fún àwọn agégi ní àgọ́ wọn, ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a mọ róbótó, tí a sì yan lórí àjà títí ara rẹ̀ fi dú, kí a tó gún un, kí a sì rò ó. Òyìnbó mìíràn a fi imú gbóòórùn rẹ̀, a sá. Ẹ́dímọ́ńdì jẹ abọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì bèèrè orúkọ ẹni tí ó rò ó. Kí ọdún 1955 tó parí, ó ti ń sọ Ìkálẹ̀ débi pé àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ń kọjá lọ sí Bìní kò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ó wá bá Abraham nítorí baba wọn ti kú, Abraham sì ni àgbà ilé. Ó dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ tutù, ẹ̀wù funfun ni ó wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bọ̀dá Abraham, mo wá tọrọ àbúrò yín."

Abraham ní òun gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n òyìnbó mọ̀ pé nílé àwọn, ọkùnrin tí yóò fẹ́ ọmọ wọn ní láti ṣọ̀wẹ̀, kí ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá àna ṣiṣẹ́ lóko. Ó rò pé Ẹ́dímọ́ńdì yóò rán àwọn lébìrà. Ẹ́dímọ́ńdì fúnra rẹ̀ ni ó wá, pẹ̀lú agégi mẹ́jọ àti àdá tirẹ̀. Wọ́n ṣán igbó kòkó Abraham, ọwọ́ òyìnbó bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ó fi aṣọ wé e, ó tún ń ṣán an lọ. Gbogbo Òdìgbò wá wò ó. Àwọn ìyá gbé ọmọ wá. Wọ́n ní láti Àgbábù pàápàá ni wọ́n ti wá wo ọmọ Lọ́ọ̀dù tí ń ṣánko fún ọmọ Akínwọlé. Abraham dúró lábẹ́ igi ọsàn, ọwọ́ lẹ́yìn, ara rẹ̀ yá gágá. Ayọ̀ irú ọjọ́ yẹn ni ó bà á jẹ́.

Ọ̀wẹ̀ kan ni àṣà bèèrè. Nígbà tí òjò ọdún 1957 bẹ̀rẹ̀, Abraham bèèrè èkejì. Ẹ́dímọ́ńdì kọ ẹgbẹ̀rún ebè. Abraham ní òrùlé ilé ìyá àwọn ń jò. Ẹ́dímọ́ńdì gun orí òrùlé. Gbogbo ìgbà tí òyìnbó náà bá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, Abraham a rí iṣẹ́ kan tí ó kù, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá gbéyàwó ni Òdìgbò kò ní wá wòran mọ́. Inú rẹ̀ kò burú sí ẹnikẹ́ni. Kò kàn fẹ́ kí ó tán ni.

Nínú ebè àti òrùlé yìí ni Ọládùnní lóyún.

Ẹ́dímọ́ńdì wá lówùúrọ̀ kùtù. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Ondó lónìí. Kí wọ́n so wá pọ̀ níwájú ìjọba, kí ó parí."

"Ìjọba kẹ̀? Àbúrò akọ̀wé ilé àdúrà ni yóò lọ gbéyàwó nínú ọ́fíìsì?"

"Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ilé àdúrà nígbà náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi yìí."

"A kì í mú aláboyún dé iwájú pẹpẹ nílé àdúrà wa. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ó bímọ."

Ẹ́dímọ́ńdì fọwọ́ ra ojú. "Bọ̀dá, nílé tiwa, ọjọ́ ni wọ́n máa ń wò. Èwo ló ṣáájú, èwo ló kẹ́yìn."

"Ibí kì í ṣe ilé tiyín. Ọmọ tí baba bá gbé sókè níwájú ìlú, tí ó sọ ọ́ lórúkọ, ta ni yóò tún máa wo ọjọ́ rẹ̀? Àbí kì í ṣe ìwọ lo ní ẹ̀gbọ́n rẹ ni yóò jẹ Lọ́ọ̀dù? Kí ló kàn ọ́?"

Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òótọ́ ni. Kò kàn mí."

Wọ́n bí Gabriel lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1958. Baba rẹ̀ gbé e sókè níwájú gbogbo Òdìgbò, ó sọ ọ́ ní orúkọ méje, Abraham sì rò pé ó parí. Ilé àdúrà ní kí ìyá ọmọkùnrin lo ogójì ọjọ́ kí ó tó lè wọlé. Ogójì ọjọ́ pé nínú Lẹ́ńtì, wọn kì í sì í gbéyàwó nínú Lẹ́ńtì. Lẹ́yìn Àjíǹde, Wòlíì Ọlọ́runnísọ̀lá, olórí ilé àdúrà náà, bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ni wọ́n wá so wọ́n pọ̀. Abraham fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà tí ó rẹwà ju ti ajẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́dún kejì wọ́n bí Elizabeth. Òmìnira dé, wọ́n gbé àsíá tuntun sókè ní Ọ̀rẹ̀, Ẹ́dímọ́ńdì jó nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1961, wáyà dé: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣubú lórí ẹṣin, ó kú, kò bímọ. Òdìgbò pa ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abraham ní Àna Lọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ń pe Gabriel ní Lọ́ọ̀dù Kékeré. Ẹ́dímọ́ńdì nìkan ni kò jẹ ewúrẹ́ náà. Ó ní ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni wọ́n fi ń pè é yẹn, òun yóò lọ tún un ṣe ní oṣù mẹ́fà, òun yóò sì padà. Ó lọ. Òtútù ilé náà wọ̀ ọ́ láyà. Lẹ́tà rẹ̀ ń wá lóṣooṣù, ọwọ́ tí ó fi ń kọ ọ́ sì ń rẹ̀ sí i. Kò padà.

Ìyẹn ni ohun tí ó wà nínú àpò Abraham ní oṣù kẹsàn-án yìí.

Ilé Wòlíì ni ó kọ́kọ́ yà sí. Wòlíì Ọlọ́runnísọ̀lá kò mọ̀wé. Ohunkóhun tí Abraham bá kọ ni ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Abraham ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó sì wí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni. Bí òun bá kọ 1957 dípò 1958, Gabriel di Lọ́ọ̀dù.

Wòlíì pa ojú dé títí. "Mi ò rí ìran kankan lórí ẹ̀," ni ó wí. "Kọ ọ́ wá. Màá tẹ̀ ẹ́."

Abraham ìbá fẹ́ kí ó bínú.

Ó bá Ọládùnní lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni, ó wọ dúdú, kò gbé ojú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi. Kí ni lọ́yà wí?"

Ó túmọ̀ lẹ́tà náà fún un láti òkè dé ilẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí yóò túmọ̀ nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Elizabeth ń kọ́?" ni ó bèèrè.

"Obìnrin ni. Wọn kì í fún obìnrin."

"Ọ̀kan yá jù, ọ̀kan jẹ́ obìnrin." Ó ju ẹ̀gẹ́ sínú omi. "Oṣù mélòó ni ó wà láàárín Gabriel àti ìgbéyàwó?"

"Mẹ́ta. Mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́jọ."

"Oṣù mẹ́ta péré."

"Mo lè kọ 1957," ni Abraham wí wéréwéré. "Wòlíì yóò tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tí yóò wá láti Lọ́ndọ̀nù wá yẹ ìwé wò l'Ódìgbò. Kí o kàn gbà bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá bi ọ́."

"Oṣù karùn-ún, 1957?" Ó dá ọ̀bẹ dúró. "Níbo ni mo wà ní oṣù karùn-ún, 1957, Bọ̀dá mi?"

Abraham bẹ̀rẹ̀ sí í ká lẹ́tà náà padà.

"Mo wà lóko yín. Mò ń gbé omi fún Ẹ́dímọ́ńdì tí ń kọ ebè. Ọ̀wẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ta ló ní kí ó kọ ọ́?"

"Ó ti pẹ́, Ọládùnní."

"Mo mọ̀. Ta ló ní kí ó kọ ọ́? Láti ìgbà yẹn, ohun tí ẹ̀ ń sọ fún gbogbo ayé ni pé òyìnbó fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ yín pé ẹ jẹ́ kí òun ṣe sí i. Ó ń ti inú ilé gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, kò já yín nírọ́. Èmi ni mò ń fi epo pa á lọ́wọ́. Mò ń sunkún pé ikùn mi ti ń yọ, ẹ ní kí n dúró. Bí ẹ bá kọ 1957, á jẹ́ pé ẹ ò dá wa dúró nìyẹn. Á jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀."

Adìẹ kan wá ń ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ jẹ. Abraham jókòó sórí àpótí. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta rẹ̀ wá bà lé e lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èmi ni," ni ó wí. "Èmi ni mo dá yín dúró. Kò sí iṣẹ́ kankan tí ó kù. Mo fẹ́ kí wọ́n máa wò mí ni."

Ọládùnní tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Ó bó o tán kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun."

"Kí ni kí n wá kọ?"

"Ẹ̀yin lakọ̀wé."

"Bí mo bá kọ òótọ́, èmi ni mo gba oyè lọ́wọ́ ọmọ náà."

"Ẹ ti gbà á tipẹ́, Bọ̀dá mi. Kíkọ ló kù."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìbínú ìbá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti gbé ẹrù kan jìnnà, tí ẹlòmíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bèèrè bí ó ti wúwo tó.

Ìdajì ọjọ́ kejì ni Abraham lò lórí ìwé kan ṣoṣo, òun tí ó máa ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ọgọ́rùn-ún gẹdú kí oòrùn tó yọ. Ó kọ orúkọ ìyàwó, ó kọ orúkọ ọkọ, ó kọ orúkọ Wòlíì. Ó dé ibi ọjọ́, ó sì dìde lọ mu omi. Gabriel ń kígbe níta pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Lọ́ọ̀dù, ó ń pàṣẹ fún wọn, wọn kò sì ṣe ọ̀kankan. Abraham padà jókòó. Ó kọ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1958. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí. Ó gbé e lọ fún Wòlíì, Wòlíì tẹ̀ ẹ́ láì bèèrè ohunkóhun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta ó wà ní Ọ̀rẹ̀. Gàzálì, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, nawọ́ sí i láti inú fèrèsé.

"Àna Lọ́ọ̀dù! Lọ́ndọ̀nù mà tún ni. Ìgbà wo la máa sìn yín dé etí òkun?"

"A ò lọ mọ́."

"Ẹ ò lọ mọ́ kẹ̀? Ta ló wá jẹ ẹ́?"

"Ọmọ arákùnrin bàbá wọn kan. Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé? Ṣé àwọn òyìnbó tún ti ṣe èrú wọn ni?"

Ìdáhùn mẹ́wàá wà lẹ́nu Abraham tí yóò dùn gbọ́ ní gbogbo Ọ̀rẹ̀, Gàzálì yóò sì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ tayọ̀tayọ̀. Ó wo ojú Gàzálì nínú fèrèsé.

"Rárá," ni ó wí. "Èmi ni mo fa ìgbéyàwó wọn sẹ́yìn."

Gàzálì dúró pé kí ó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ó rí i pé ó ti parí, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ó sì sọ ọ́ sínú àpò. Abraham jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá títì. Ọkọ̀ Òdìgbò kan dé, awakọ̀ pè é lórúkọ, ó mi orí. Ìkejì dé. Gbogbo Òdìgbò ni yóò bèèrè ohun tí Gàzálì bèèrè. Ó jẹ́ kí ìyẹn náà lọ.